Percula ni àbí ocellaris? Àwọ̀ nìkan kò lè sọ fún yín

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester la wà. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, a ra ẹja clownfish méjì, ẹja òkun kékeré aláwọ̀ ọsàn tó ní ọ̀já funfun mẹ́ta lára, fún Ìbùkún, ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9. 'True percula' ni wọ́n kọ sára táńkì tí wọ́n ti mú wọn ní ṣọ́ọ̀bù, owó wọn sì ju ti àwọn tó wà nínú táńkì kejì lọ dáadáa. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan wá kí wa, ó wò wọ́n, ó ní irọ́ ni, ocellaris ni. Ní báyìí, èyí tó tóbi ti ń dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ìgbà tí èéfín bá kùn ún. Inú kóràlì kan, ẹ̀dá òkun tó dà bí ewéko, tó ń jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún ló máa ń sùn. Èyí tó kéré ṣì pupa dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀já funfun àárín rẹ̀ kò délẹ̀, agbedeméjì ló dúró sí. Ṣé oríṣi méjì ni wọ́n tà fún wa ni? Ṣé àìsàn ni? Àbí pé ọ̀kan jẹ́ akọ, èkejì jẹ́ abo? Mo fi fọ́tò mẹ́ta ránṣẹ́. Ìyá Ìbùkún."

Ìyá Ìbùkún, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú ẹja. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ dì sínú ẹrù kan, ẹ jẹ́ n tú u. Kí ọkàn yín kọ́kọ́ balẹ̀ ná: nínú ohun tí ẹ kọ àti ohun tí mo rí nínú fọ́tò, n kò rí àìsàn. Ọ̀rẹ́ ọkọ yín ló sì jàre, ó kéré tán lórí èyí tó kéré. Àmọ́ ó wù mí kí n mọ ohun tó wò kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ àwọ̀ ló wò, ó kàn bọ́ sí i ni. Láyé ìgbà tí wọ́n ń kọlà, ènìyàn lè wo abàjà kan kó mọ ilé tí onílà ti wá. Ọ̀já funfun ara ẹja yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ wọn máa ń sọ ibi tí wọ́n ń gbé, ọjọ́ orí wọn, ohun tí wọ́n ń fara kàn, nígbà mìíràn ohun tí wọ́n ń jẹ, kó tó sọ irú ẹja tí wọ́n jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká mú orúkọ kúrò lọ́nà ná, torí ibẹ̀ ni ìjà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Oríṣi clownfish méjì ni wọ́n. Lacépède, onímọ̀ ẹranko ọmọ Faransé, ló fún ọ̀kan lórúkọ percula lọ́dún 1802. Cuvier, ọmọ Faransé bíi tirẹ̀, ló fún èkejì lórúkọ ocellaris lọ́dún 1830. Agboolé kan náà ni wọ́n, Amphiprion ni wọ́n ń pe agboolé ọ̀hún, àwọn tó wà níbẹ̀ sì tó nǹkan bí 30. Àwọn ọlọ́jà ló wá sọ percula di "true percula", tí wọ́n sọ ocellaris di "false percula". Bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ayédèrú ni ocellaris nìyẹn. Kò sí ayédèrú kankan níbẹ̀. Ẹja tó dá dúró gedegbe ni, Ọlọ́run ló dá a, kì í ṣe pé wọ́n ṣe é ní ayédèrú percula. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, percula wọ́n ju ocellaris lọ, ẹ̀yin náà sì mọ apá ibi tí àṣìṣe àkọlé máa ń tẹ̀ sí.

Èmi fúnra mi ti jìn sínú kòtò yìí rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sin ẹja òkun, mo san owó percula ní ṣọ́ọ̀bù kan tí n kò ní dárúkọ, mo gbé ẹja méjì wálé nínú ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, mo ń fi wọ́n yangàn fún gbogbo ẹni tó bá wọlé. Ó lé ní ọdún kan kí n tó jókòó síwájú táńkì ka ẹ̀gún ẹ̀yìn wọn. 11 ni. Mo tún un kà. 11 náà ni. N kò padà lọ jà, torí ẹja ti di ẹja mi. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, n kì í ka àkọlé ara táńkì mọ́. Ẹ̀gún ni mò ń kà.

Ẹ̀gún yìí ni ẹ̀rí tó dájú jù tí ẹ lè rí nílé láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan ẹja. Lẹbẹ ẹ̀yìn clownfish jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n apá méjì ló ní. Apá iwájú jẹ́ ẹ̀gún líle tí orí wọn ṣe ṣóńṣó, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló so wọ́n pọ̀ bí aṣọ agboòrùn. Apá ẹ̀yìn jẹ́ ọ̀pá rírọ̀ tí orí wọn ya bí ẹ̀ka igi. Ẹ̀gún líle nìkan ni kí ẹ kà. Ocellaris sábà máa ń ní 11, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ ó rí èyí tó ní 10. Percula sábà máa ń ní 10, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹ ó rí èyí tó ní 9. Nítorí náà, tí ẹ bá ka 11, ọ̀rọ̀ parí: ocellaris ni. Tí ẹ bá ka 9, percula ni. 10 nìkan ló lè dá iyàn sílẹ̀. Percula ló ṣeé ṣe kó jẹ́, àmọ́ ẹ wá ẹ̀rí kejì kún un.

Ibi tí àwọn ènìyàn ti ń ṣì í kà ni ẹ̀gún àkọ́kọ́. Ó kúrú, ó fara mọ́ awọ orí ẹ̀yìn, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ á fò ó, ocellaris tó ní 11 á sì di percula tó ní 10 lójú rẹ̀. Ẹ má gbìyànjú láti kà á pẹ̀lú ojú lásán nígbà tí ẹja ń wẹ̀ kiri. Ẹ gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì, ẹ ya fídíò tó ń lọ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró de ìgbà tí àwọn méjèèjì bá kojú síra. Tí wọ́n bá ń fagbára han ara wọn, wọ́n á na lẹbẹ ẹ̀yìn sókè gan-an. Ẹ dá fídíò náà dúró níbẹ̀, ẹ fẹ̀ ẹ́ gbòòrò, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti apá orí. Ìbùkún ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ yìí. Ojú ọmọ ọdún 9 mú ju tiwa lọ.

Ẹ̀rí kejì wà lára lẹbẹ kan náà: gíga apá iwájú rẹ̀. Ti ocellaris ga ju ti percula lọ. Tí ẹ bá rí ẹja méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ó rí i kíá. Tó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lẹ ń wò, ó ṣòro díẹ̀. Lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ náà ní iye tirẹ̀: ọ̀pá 17 ló wọ́pọ̀ jù fún ocellaris, 16 fún percula. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó rí ìyẹn kà lára ẹja tó wà láàyè, torí lẹbẹ ẹ̀gbẹ́ kì í dúró, ó ń jù bí abẹ̀bẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀rí kẹta ni ojú, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ wo òrùka tó yí ọmọ ojú ká. Ti percula jẹ́ àwọ̀ ọsàn tó mọ́lẹ̀, ó bá ara rẹ̀ mu, nítorí náà ibi dúdú àárín nìkan ló máa ń hàn, ojú ẹja á sì dà bíi pé ó kéré. Ti ocellaris ní eérú nínú, ó ṣú díẹ̀, nítorí náà gbogbo ojú á dà bíi pé ó tóbi, pé ó sì dúdú. Ohun kan ló lè da èyí rú: iná táńkì. Iná búlúù tí a máa ń tàn nítorí kóràlì máa ń mú kí àwọ̀ ọsàn máa tàn bí ẹ̀yinná, á sì bo eérú ojú mọ́lẹ̀. Iná funfun ni kí ẹ tàn tí ẹ bá fẹ́ wo ojú wọn. Nínú fọ́tò yín, ẹyọ kan ṣoṣo ló wúlò fún mi lórí ọ̀rọ̀ ojú, èyí tí ẹ yà lọ́sàn-án tí fèrèsé wà ní ṣíṣí. Méjì yòókù búlúù bí aró Abẹ́òkúta.

Ẹ̀yìn èyí ni mo tó máa ń wo ìlà dúdú tó yí ọ̀já funfun ká, èyí tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń wò. Lóòótọ́, ti percula sábà máa ń nípọn, ti ocellaris sì máa ń tín-ínrín bíi pé pẹ́ńsù ni wọ́n fi fà á, tàbí kó má sí rárá. Òfin yẹn á gbè yín lọ́jọ́ púpọ̀, á sì ṣì yín lọ́nà lọ́jọ́ mìíràn. Percula kékeré lè ní ìlà tín-ínrín. Ní ìlú Darwin, ní àríwá Australia, ocellaris ibẹ̀ dúdú kirikiri yàtọ̀ sí ọ̀já mẹ́ta funfun wọn. Ọmọ wọn máa ń pupa tàbí kó rí bíi kọfí, bó ṣe ń dàgbà ló ń ṣú. Ẹni tó bá fi dúdú mọ percula, kí ni yóò pe irú ẹja bẹ́ẹ̀?

Nínú òkun gan-an, wàhálà yìí kò sí, torí adúgbò wọn yàtọ̀. Ocellaris ló ni apá ìlà-oòrùn Òkun India àti ìwọ̀-oòrùn Pàsífíìkì: erékùṣù Andaman, etí òkun Thailand àti Malaysia, Indonesia, Philippines, Taiwan, títí dé àwọn erékùṣù Ryukyu ní Japan, àti àríwá ìwọ̀-oòrùn Australia. Percula ló ni Great Barrier Reef ní Queensland, ní Australia, àríwá New Guinea, New Britain, àwọn erékùṣù Solomon àti Vanuatu. Tí ẹ bá lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ omi ní Okinawa, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù Ryukyu yẹn, tí ẹ rí ẹja pupa ọlọ́já mẹ́ta yìí, ẹ ò nílò kí ẹ ka ẹ̀gún kankan. Ó sì yẹ kí n fi èyí kún un fún àwọn tó ń bi mí léèrè: kò sí clownfish kankan nínú Òkun Àtìláńtíìkì. Láti Èkó dé Bahia, látorí omi dé ìsàlẹ̀, ẹ ò ní bá ọ̀kan níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kò fi ní orúkọ ìbílẹ̀ fún un, tí mo sì ń pè é ní clownfish láti òkè títí dé ibí láìtijú.

Àmọ́ ẹja Manchester kò wá láti adúgbò kankan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú táńkì ni wọ́n ti bí i, inú táńkì ni wọ́n ti bí ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀. Ohun tó dára ni, torí kò sí ẹni tó lọ já a gbà lọ́wọ́ òkun. Ibi tó ti ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé àwọn tó ń sin ẹja ń fi ocellaris àti percula gun ara wọn nígbà mìíràn, ọmọ tó bá jáde lè mú ẹ̀gún ti ọ̀kan kó mú àwọ̀ ti èkejì. Wọ́n tún ń ṣa àwọn tí àwọ̀ wọn ṣàjèjì, wọ́n ń fún wọn lórúkọ ọjà: "Snowflake", "Picasso", "Platinum". Àwọn orúkọ wọ̀nyẹn kì í ṣe irú ẹja, ó dà bí ìgbà tí a bá ń sọ pé aṣọ kan ni sányán, èkejì ni àlàárì. Aṣọ òfì ni gbogbo wọn.

Ó kù kí n sọ ibi tí àwọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń wá, torí ibẹ̀ ni ìdáhùn sí ọ̀já tí kò délẹ̀ wà.

Oríṣi sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú awọ ẹja yìí. Ọ̀kan ń gbé dúdú. Ọ̀kan ń gbé àwọ̀ ọsàn, apá kan nínú àwọ̀ yìí sì jẹ́ ohun tí ẹja ń rí nínú oúnjẹ, torí kò lè dá kàrótíìnì ṣe fúnra rẹ̀. Àwọn èròjà ìdílé kàrótíìnì yìí náà ló mú kí epo pupa máa pọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń se ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kò nílò àlàyé. Ẹja tó ń jẹ oúnjẹ gbígbẹ kan ṣoṣo láti oṣù dé oṣù máa ń ràndánràndán. Ẹ fi edé wẹ́wẹ́ kún un, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Sẹ́ẹ̀lì kẹta ló ń ṣe funfun, ó sì yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀: funfun yẹn kì í ṣe aró. Kírísítálì wínníwínní ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì náà, wọ́n ń ta ìmọ́lẹ̀ padà bí dígí.

Nígbà tí ẹyin ẹja yìí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ọmọ rẹ̀ kò ní ọ̀já rárá, omi á máa gbé e kiri bí ohun tí kò ní àwọ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló ń wá ilé, ìyẹn ni pé ó ń wá ánẹ́mónì, ẹranko òkun tó rí bí òdòdó tó sì ń tani bí èèsìsì. Ìgbà náà ni ọ̀já á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, láti orí lọ sí ìrù: ti orí kọ́kọ́ dé, ti àárín tẹ̀ lé e, ti ìrù ló kẹ́yìn. Pauline Salis, Vincent Laudet àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló ṣe iṣẹ́ ńlá lórí èyí. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2021, wọ́n wo àwọn ọmọ percula ní Kimbe Bay, ní Papua New Guinea. Àwọn tó ń gbé inú irú ánẹ́mónì kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí kápẹ́ẹ̀tì ń tètè ní ọ̀já ju àwọn tó ń gbé inú irú kejì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irú ẹja kan náà ni wọ́n, omi kan náà ni wọ́n sì wà. Họ́mónù táírọ́ìdì, èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, ló wà nídìí rẹ̀. Ó pọ̀ lára àwọn ti inú kápẹ́ẹ̀tì, òun ló sì ń sọ fún ọ̀já pé ó tó àkókò. Ilé tí ẹja ń gbé ló ń yí aago ara rẹ̀.

Ẹ wá wo ọ̀já tó gé sí agbedeméjì lára ẹja yín kékeré. Ìgbà tó wà lọ́mọdé jòjòló ni wọ́n fa ọ̀já yẹn, ibi tó sì dúró sí nígbà náà ló wà títí di báyìí. Ó wọ́pọ̀ lára ẹja tí wọ́n bí nínú táńkì ju ti inú òkun lọ. Àwa tí a wà nínú iṣẹ́ yìí máa ń fura sí oúnjẹ àti omi ìgbà ọmọdé wọn. Kò ń dùn ún, kò ní ràn èkejì, kò sì sí oògùn tí yóò fà á délẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀já náà ti ń kúrú sí i lójú yín ni, ẹ kọ̀wé sí mi padà. Àmọ́ ẹ ní bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe rà á.

Ti dúdú ara èyí tó tóbi wá. Ohun mẹ́ta ló lè mú clownfish máa dúdú láìṣàìsàn. Èkíní, ọjọ́ orí: percula kan wà tí dúdú wọn máa ń gbilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà, títí yóò fi kún gbogbo àárín ọ̀já funfun, "Onyx" ni àwọn ọlọ́jà ń pè wọ́n. Èkejì, ìdílé: ti Darwin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìkẹta, ohun tó ń fara nù. Nínú òkun, ánẹ́mónì ni ilé wọn. Nínú táńkì tí kò sí ánẹ́mónì, wọ́n á wá nǹkan mìíràn tó ń jù nínú omi, wọ́n á sọ ọ́ dilé. Kóràlì yín nìyẹn. Kóràlì tó wà láàyè (ìbátan iyùn tí àwọn ọba ń kó sọ́rùn ni) máa ń tani bíi ti ánẹ́mónì. Ẹja tó ń fi ara rẹ̀ yí i lójoojúmọ́ máa ń yọ àbàwọ́n dúdú, á dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á sì máa ṣá lọ bí ara bá ti mọ̀ ọ́n lára. Mo ti rí i lára ẹja tèmi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Bí mo ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyí: dúdú tó jẹ́ ti àbínibí máa ń létòlétò. Ó ní ààlà, ó dúró láàárín ọ̀já, ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ló wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Ti kóràlì máa ń rí játijàti bí ìgbà tí ọmọ bá fi ọwọ́ èédú nu ara ògiri, apá tí ẹja ń fi sùn ló sì máa ń pọ̀ sí. Ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́ pé "lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ìgbà tí èéfín bá kùn ún." Gbólóhùn yẹn ti dáhùn ìbéèrè yín kí n tó ṣí fọ́tò. Ẹ má ra oògùn. Ní pàtàkì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà oògùn oníkọ́pà fún yín láti dà sínú táńkì tó ní kóràlì, á pa kóràlì kó tó wo ẹja tí kò ṣàìsàn.

Funfun ni kí ẹ máa bẹ̀rù, kì í ṣe dúdú. Tí ẹ bá rí ikun funfun tó ń bó lára wọn, tí ẹja ń mí gúlegúle sókè omi, tí kò sì fẹ́ jẹun, ẹ má ṣe sùn lé e. Brooklynella, kòkòrò àìfojúrí kan, ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí clownfish, ó sì lè pa wọ́n láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ wá ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ẹja. Ẹ má sì gbọ̀n tí ẹ bá tan iná lóru tí ẹ rí i pé àwọ̀ wọn ti ṣá. Bí wọ́n ṣe máa ń sùn nìyẹn, á padà láàárọ̀.

Akọ àti abo ńkọ́? Lára percula àti ocellaris, àwọ̀ kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìwọ̀n ara ló ń sọ ọ́. Gbogbo wọn ni akọ nígbà tí wọ́n bá kéré. Èyí tó tóbi jù nínú ilé ló ń di abo, ìkejì rẹ̀ ni ọkọ, tí àwọn kéékèèké bá wà lẹ́yìn wọn, wọn kì í bímọ, wọ́n á máa dúró de àyè. Tí abo bá kú, ọkọ rẹ̀ ni yóò di abo. Mo mọ̀ pé ẹ máa kà á lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ Hans Fricke àti Simone Fricke ti kọ ọ́ jáde láti ọdún 1977, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti rí i nínú táńkì wọn lẹ́yìn náà. Nítorí náà, èyí tó ń dúdú yẹn ló ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyálé, àmọ́ kì í ṣe dúdú ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìbátan wọn kan wà tí àwọ̀ ń sọ akọ sọ abo: lára èyí tí wọ́n ń pè ní tòmátò, abo sábà máa ń ṣú lẹ́gbẹ̀ẹ́, akọ á sì pupa. Bóyá ibẹ̀ lẹ ti gbọ́ ọ.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ fi kún un nítorí Ìbùkún, torí ọmọ tó bá ní ẹja méjì kì í pẹ́ béèrè ẹ̀kẹta. Lọ́dún 2024, Kina Hayashi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Okinawa gbé ìwádìí kan jáde lórí ocellaris. Wọ́n fi ẹja ọlọ́já mẹ́ta, méjì, ọ̀kan, àti èyí tí kò ní ọ̀já síwájú rẹ̀, wọ́n tún fi ẹja oníke tí wọ́n kùn lọ́dà dán an wò. Èyí tó ní ọ̀já mẹ́ta bíi tirẹ̀ ló dojú kọ jù. Ó ń wo iye ọ̀já kó tó mọ ẹni tó wá gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ sọ fún Ìbùkún pé táńkì yín kò gba ọlọ́já mẹ́ta kẹta. Méjì yẹn tó.

Ẹ jẹ́ ká padà sí fọ́tò ọ̀sán. Èyí tó kéré na lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa níbẹ̀. Mo fẹ̀ ẹ́ gbòòrò lórí kọ̀ǹpútà, mo ka ẹ̀gún kúkúrú àkọ́kọ́ mọ́ ọn, mo rí 11. Apá iwájú lẹbẹ ga, òrùka ojú rẹ̀ ní eérú, ìlà dúdú etí ọ̀já rẹ̀ kò ju fífà pẹ́ńsù lọ. Ocellaris ni, n kò ṣiyèméjì. Èyí tó tóbi pa lẹbẹ rẹ̀ mọ́ra nínú fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò rí i kà. Ojú rẹ̀ ń tì mí sí ocellaris, ìwọ̀nba díẹ̀ tí mo rí lára ìlà ọ̀já rẹ̀ náà ń tì mí síbẹ̀, ṣùgbọ́n àbàwọ́n kóràlì ti bo ibi tí ìlà yẹn yóò ti ràn mí lọ́wọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù nítorí owó, ẹ mú fọ́tò ọ̀sán yẹn dání, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti ra ẹja àti orúkọ tí ẹni náà kọ sínú ìwé. Ẹ má lọ jà. Ó lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe rà á ni wọ́n ṣe tà á. Kí Ìbùkún sì ya fídíò èyí tó tóbi lábẹ́ iná funfun, ní àkókò oúnjẹ alẹ́ wọn, nígbà tó bá fẹ́ lé èkejì kúrò nídìí edé. Á na lẹbẹ yẹn sókè nígbà náà. Kó kà á kó tó fi ránṣẹ́ sí mi, kó kọ iye tó rí, èmi náà á kà tèmi, a ó wò ó bóyá iye wa bára mu.